Ohun tí Mo Kọ́ nípa Àlàáfíà Ilẹ̀ Yìnyín láti Ìlọrin

Tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn pé ilẹ̀ kan wà láyé tí ìjọba kankan kò gbọdọ̀ kọ́ bárékè sójà sí, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi dá mi lóhùn ni pé, "Ta ni yóò jà níbẹ̀? Ṣé yìnyín ni yóò bá yìnyín jà?" Wọ́n gbà pé òtútù ló fa àlàáfíà Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìhà gúúsù pátápátá ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn ti dún níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1952, àwọn ará Ajẹntínà yìnbọn gba òkè orí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní Hope Bay, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì padà sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Orílẹ̀-èdè méje ló sọ pé àwọn ni ilẹ̀ ibẹ̀: Ajẹntínà, Chile, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Norway, Ọsirélíà àti New Zealand. Ibì kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì, Ajẹntínà àti Chile ń pè ní tiwọn. Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì (Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó so mọ́ ọn nígbà náà) kò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, bọ́ǹbù átọ́míìkì sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Gbogbo ohun tó máa ń dá ogun sílẹ̀ ló pé síbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ni kò jẹ́ kí ogun náà ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni mo ti kọ́ apá kan nínú rẹ̀, mo sì kọ́ ìyókù ní abúlé àwọn ìyá mi ní ìhà Àjàṣẹ́-Ìpo.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ìlọrin, àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn ìtànṣán oòrùn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan sì máa ń ran àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ nídìí wọn. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó le, a ó mú aṣọ rírọ̀ àti omi tó mọ́, a ó nu gíláàsì roboto tó bo ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ní àsìkò òjò, iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bo Ìlọrin débi pé èèyàn kò rí òkè Sobi mọ́, gíláàsì tí a nù láàárọ̀ yóò ti tún bu eruku kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá wa kan kì í fi ìkìlọ̀ falẹ̀: "Ẹ má fi ìka kan gíláàsì yẹn o! Òróró ara yín lásán yóò mú kí ẹ̀rọ yẹn purọ́." Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé oòrùn láti ìlà oòrùn títí dé ìwọ̀ oòrùn. Òmíràn wà tí bọ́ọ̀lù dúdú kékeré máa ń ṣíji bò, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì la ó sáré lọ wò.

Níbi tí mo ti ń wo ìwé iṣẹ́ náà ni mo ti rí orúkọ àwọn ibùdó tó ń ṣe irú ohun tí à ń ṣe. Àjọṣe kan ni, ọdún 1992 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ìlọrin sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún náà. Mo ka orúkọ wọn lọ. Mo rí Ìlọrin. Mo rí South Pole, ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lórí yìnyín tó nípọn ju kìlómítà méjì lọ. Mo rí Neumayer tí Jámánì dá sílẹ̀ ní etí Antarctica, mo rí Syowa ti Japan, mo rí Ny-Ålesund ní erékùṣù Svalbard lókè lọ́hùn-ún, nítòsí ìpẹ̀kun àríwá ayé. Mo tún un kà. Kí ló pa wá pọ̀ mọ́ irú àwọn ibi wọ̀nyí, àwa tí à ń làágùn nídìí ẹ̀rọ?

Ìdáhùn tí ọ̀gá wa fún mi ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. Ó ní tí èèyàn bá fẹ́ mọ iye ooru tí ayé ń gbà lọ́wọ́ oòrùn, kò sí orílẹ̀-èdè tó lè dá a wọ̀n, bó ti wù kó lówó tó. Ẹni tó wà lórí yìnyín kò ní eruku ọyẹ́. Ẹni tó wà nínú ọyẹ́ kò ní yìnyín. Ọ̀nà kan náà la gbọ́dọ̀ máa gbà wọ̀n ọ́n, ìlànà kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan náà yẹ̀ wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò ẹnìkan kò ní bá ti ẹnìkejì mu. Nígbà náà, ìlú Zurich ni wọ́n ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ náà sí. Ní ọdún 2008, wọ́n kó o lọ sí Bremerhaven ní Jámánì, sí ilé ẹ̀kọ́ Alfred Wegener, ilé iṣẹ́ tí Jámánì fi ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ yìnyín, tó ni ibùdó Neumayer, tó sì ń lo ọkọ̀ Polarstern tó ń fọ́ yìnyín lójú òkun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ Antarctica ni àkọsílẹ̀ oòrùn Ìlọrin wà.

Láti ìgbà yẹn ni n kò ti lè fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìnyín sílẹ̀. Mo ń wá ìwé kiri, mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀, mo sì di olùkọ́ tó ń fi í kọ́ ọmọ.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú ìtàn náà ni Karl Weyprecht, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Austria. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti há sáàárín yìnyín rí, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lè bọ́. Nígbà tó dé ilé, kò fi ògo ara rẹ̀ yangàn. Ní ọdún 1875, ó sọ pé eré ìje tí àwọn orílẹ̀-èdè ń sá kiri, kí wọ́n lè ri àsíá mọ́ ibi tí ẹnìkan kò tíì dé, kò wúlò fún ìmọ̀. Kí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jókòó sí àyíká ìpẹ̀kun ayé, kí wọ́n máa wọn ohun kan náà, ní àkókò kan náà, ní ọ̀nà kan náà. Ó kú ní 1881. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tó sọ, ìyẹn Ọdún Ìpẹ̀kun Ayé àkọ́kọ́, 1882 sí 1883. Wọ́n ṣe ìkejì ní 1932 sí 1933. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ayé: láti oṣù keje 1957 títí dé ìparí 1958, orílẹ̀-èdè 67 ló jọ wọn ilẹ̀, òkun àti òfuurufú.

Èyí ló ṣe nǹkan. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó fẹ́ lọ sí Antarctica ti pàdé ní Paris ní 1955, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ìwádìí ni àwọn bá lọ, àwọn kò lọ torí ẹjọ́ ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjìlá ló kọ́ ibùdó síbẹ̀. Amẹ́ríkà jókòó sí South Pole gan-an, Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ Vostok sí àárín gbùngbùn yìnyín, níbi tí òtútù ti já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 89.2 nísàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ 21 oṣù keje 1983. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn òtútù tó tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọba méjèèjì ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn, Gordon Cartwright, ará Amẹ́ríkà tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́, lo òtútù ọdún 1957 pẹ̀lú àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì ní ibùdó Mirny. Vladimir Rastorguev, ará Sófíẹ́ẹ̀tì, náà lọ gbé pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà ní Little America. Ẹ rò ó wò. Nínú òkùnkùn tó ń gba oṣù, tí ọkọ̀ kò lè wọlé, tí ọkọ̀ kò lè jáde, ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá yín lókè ló ń bá yín ka ẹ̀rọ.

Nígbà tí àkókò tí wọ́n dá pé, kò sí ẹni tó fẹ́ kúrò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1959, àwọn méjìlá náà tọwọ́ bọ Àdéhùn Antarctica ní Washington. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1961. Gúúsù Áfíríkà nìkan ni ilẹ̀ Áfíríkà tó wà láàárín àwọn tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdéhùn náà ní kí a lo ilẹ̀ náà fún àlàáfíà nìkan. Kò sí bárékè, kò sí ìdánwò ohun ìjà, kò sí bọ́ǹbù átọ́míìkì, kò sí dída ìdọ̀tí rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a bá rí nínú ìwádìí, kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè gbọ́ nípa rẹ̀.

Abala kẹrin ló jọ mí lójú jù, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ẹni tó bá ti jókòó nídìí ẹjọ́ ilẹ̀ rí ní ìhà tiwa yóò mọ ìyì rẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó ní òun ló nilẹ̀ kò ní in. Kò sì sọ pé ó ní in. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé yìí kò tíì fi ẹ̀tọ́ tó ń pè ní tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sì sí ẹni tí a fi ipá mú láti gba ti ẹlòmíràn gbọ́. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe níbẹ̀ nígbà tí àdéhùn bá wà, kò lè di ẹ̀rí pé òun ló nilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì mú ẹ̀tọ́ tuntun wá. Kó tó di ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan ni ẹ̀rí. Ìwọ kọ́ ahéré, ẹ̀rí ni. Ilé ìfìwéránṣẹ́ pàápàá, àwọn ìjọba kan dá a sílẹ̀ nínú yìnyín kí wọ́n lè sọ pé àwọn ń ṣàkóso ibẹ̀. Nígbà tí abala kẹrin dé, ahéré di ahéré lásán, ẹni tó ń wọn ojú ọjọ́ sì lè máa wọn ojú ọjọ́ rẹ̀ lọ láìsí pé aládùúgbò rẹ̀ ń fura sí i.

Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó láàárín àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àdéhùn náà fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè láti yan àwọn tí yóò lọ wo ibùdó ẹnikẹ́ni, nígbàkigbà, níbikíbi, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Amẹ́ríkà lè wọ ibùdó Sófíẹ́ẹ̀tì lọ wo inú rẹ̀, nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe níbòmíràn láyé. Ní 1982, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ń pa ara wọn lórí erékùṣù Falklands, ogun náà kò sọdá wọ inú ilẹ̀ àdéhùn, àwọn méjèèjì kò sì jáde kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwádìí lásán ni àwọn ìjọba ń fi bo ojú, pé nítorí àtidúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ibùdó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Èmi kò rò pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dára ju àwọn èèyàn yòókù lọ. Àmọ́ tí ìjọba kan bá fẹ́ fi hàn pé òun wà níbì kan, tó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ ni yóò gbé lọ dípò ìbọn, tó sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí ẹ̀rọ náà sọ han gbogbo ayé, èrè ńlá ni fún wa.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni ti yìnyín Vostok. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì mọ bí a ti ń gbẹ́ yìnyín jinlẹ̀. Àwọn ará Faransé, tí Claude Lorius wà lára wọn, mọ bí a ti ń ka afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó há sínú yìnyín. Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ òfuurufú tó lè balẹ̀ síbẹ̀. Láàárín ìgbà tí ogun ẹnu ṣì ń lọ láàárín Washington àti Moscow, ní nǹkan bí 1984, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ló gbé àwọn ará Faransé lọ sí ibùdó Sófíẹ́ẹ̀tì, tó sì gbé yìnyín padà. Ó ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láǹfààní. Ní 1998, wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 3,623. Ní 1999, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde: afẹ́fẹ́ ayé láti nǹkan bí 420,000 ọdún sẹ́yìn, àti bí ooru ayé àti gáàsì carbon dioxide ṣe ń lọ sókè tí wọ́n sì ń bọ̀ wálẹ̀ pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn tó lè dá a ṣe, bó bá tilẹ̀ fẹ́.

Ti ihò inú ozone, gáàsì tó wà lókè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, náà wà níbẹ̀. Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kéde rẹ̀ ní 1985 láti inú àkọsílẹ̀ ibùdó Halley tí wọ́n ti ń kó jọ láti ìgbà ìwádìí 1957. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba ṣe Àdéhùn Montreal láti dẹ́kun àwọn kẹ́míkà tó fà á. Ní 1991 ní Madrid, wọ́n tún fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa kùsà ní Antarctica.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé.

Ní ìhà àwọn ìyá mi, ìlú méjì wà tí n kò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ wọn ṣì wà ní kóòtù. Odò kékeré kan ló gba àárín wọn, oko sì wà lẹ́bàá rẹ̀ tí àwọn méjèèjì ní tàwọn ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ní àwọn tó wà lókè ló dí i. Àwọn tó wà lókè á ní irọ́ ni, pé àwọn ìsàlẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ fa omi lóru. Wọ́n ti fi àdá lé ara wọn nítorí rẹ̀ rí. Mo mọ àwọn ìdílé tó ti ń fẹ́ ara wọn tipẹ́ tí wọn kò lè lọ sí ìsìnkú ara wọn mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo lọ bá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, mo ní kí á jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọn òjò àti odò náà pọ̀. Wọ́n gbà kíákíá. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá kan tó jẹ́ olórí ẹbí ní ìlú òkè, mo ṣàlàyé pé a fẹ́ ri igi ìwọn omi mọ́ odò níbi méjì, kí a kùn ún ní funfun àti pupa, kí ọmọ lè rí ibi tí omi dé.

Bàbá wò mí. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: igi tí ẹ bá rì lónìí, lọ́la ni wọn yóò ní ilẹ̀ àwọn ló wà. Lọ́ọ̀yà wọn yóò yà á ní fọ́tò."

Mo ní, "Bàbá, tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́, pé igi náà kì í ṣe ẹ̀rí ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni yóò kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Abala kẹrin ni mo gbé wá. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, ojú ewé kan: pé igi, ike ìwọn òjò, ìwé àkọsílẹ̀, àti ẹsẹ̀ ọmọ tó bá tẹ ibẹ̀, kò fi ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; pé àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan lè wá wo ohunkóhun nígbàkigbà láìgba àyè; pé ìwé méjì ni a ó máa kọ, kí ọ̀kan wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà inú wọn sì bára mu. Bàbá òkè tẹ̀ka. Ó sọ pé, "Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́." Bàbá ìsàlẹ̀ ní kí ọmọ òun tó jẹ́ akọ̀wé kọ́kọ́ kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a fi kún un pé tí igi bá wó, ìlú méjèèjì ni yóò jọ tún un rì. Ohun tó fi kún un yẹn dára ju gbogbo èyí tí mo kọ lọ.

A gé orí ike omi, a dorí rẹ̀ kodò sí ẹnu ike náà bí àrọ, a lẹ rúlà mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ ìlú òkè máa ń lọ ka igi tó wà nísàlẹ̀, ọmọ ìsàlẹ̀ á wá ka tòkè, wọ́n á pàdé lẹ́bàá odò láti da ìwé méjèèjì kọ. Òbí kan yọ ọmọ rẹ̀, kò sì dá a padà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìwé náà sọ ohun tí kò sí nínú ẹ̀sùn ẹnikẹ́ni: ọ̀sẹ̀ kan náà ni omi ń fà lókè àti nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó dí i. Òjò ló ti tètè lọ, igi ẹ̀bá odò tí wọ́n gé fún èédú ní orísun rẹ̀ náà sì lọ́wọ́ sí i lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ṣì ń fẹ́ àfikún wíwọ̀n.

Ẹjọ́ ilẹ̀ kò tíì parí. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ike òjò parí ìjà. Ṣùgbọ́n ìjà omi ti rọlẹ̀ lẹ́bàá odò yẹn, nítorí tí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ti dí odò, ọmọ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ìwé jáde. Nígbà tí ẹnìkan hú igi ìsàlẹ̀ lóru kan, àwọn géńdé ìlú méjèèjì ló jọ wá rì í padà. Wọn kò dárí ji ara wọn. Àdéhùn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi dáadáa ohun tó ń gbé Antarctica ró. Wọn kò dúró kí ìfẹ́ kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àkọsílẹ̀, wọ́n mú iṣẹ́ tí ẹnìkan kò lè dá ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí ojú máa tó o.

Mo tún mọ̀ pé ó lè bàjẹ́. Ìhà àríwá, ní Arctic, kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìlú onílùú ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, ọkọ̀ ogun sì ń rìn nínú òkun rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ti jọ ṣe nǹkan. Ní 1973, Amẹ́ríkà, Sófíẹ́ẹ̀tì, Kánádà, Denmark àti Norway jọ fọwọ́ sí ìwé kan láti dáàbò bo béárì funfun. Ní 1996, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ dá Ìgbìmọ̀ Arctic sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ sì ní ìjókòó nínú rẹ̀. Ní Tiksi ní Siberia, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Finland jọ gbé ibùdó ojú ọjọ́ dìde, orúkọ Tiksi sì wà nínú ìwé kan náà tí Ìlọrin wà. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, àwọn méje yòókù dá iṣẹ́ ìgbìmọ̀ dúró ní oṣù kẹta ọdún náà, ọ̀pọ̀ àjọṣe ìwádìí sì já. Etíkun Arctic tó tó ìdajì ni Rọ́ṣíà ni. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ilẹ̀ dídì ibẹ̀ ṣe ń yọ́ kò rí ìdajì rẹ̀ mọ́. Mo gba ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ogun náà burú. Ó ṣì ń dùn mí nítorí àkọsílẹ̀ tó já, nítorí ọdún tí a kò wọ̀n kò ṣeé padà lọ wọ̀n.

Ní Antarctica, àwọn ọmọ Ukraine ṣì ń ka ẹ̀rọ wọn ní Vernadsky, ibùdó tí Gẹ̀ẹ́sì fi lé wọn lọ́wọ́ ní 1996 ní pọ́n-ùn kan péré, bí ogun ṣe ń jà nílé. Rọ́ṣíà àti Ukraine ṣì wà nínú àdéhùn kan náà.

Nàìjíríà kò tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́, èmi sì rò pé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Etíkun wa ní Èkó àti Bayelsa ni omi tó bá yọ́ níbẹ̀ yóò dé. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ fún Ọdún Ìpẹ̀kun Ayé karùn-ún, 2032 sí 2033. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní JSS báyìí yóò ti tó wọ yunifásítì nígbà náà. Èmi àti àwọn olùkọ́ físíìsì kan láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa wọn òjò jọ. Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀, ike kan, rúlà kan àti ìwé méjì ti tó. Ohun kan ṣoṣo tí a ń béèrè ni pé kí gbogbo wa máa kà á ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi.